Ẹ Fi Ike Áísìkirimù Joyè

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé báyìí, ọkàn àwọn èèyàn ńlá kì í balẹ̀ mọ́. Wọn a máa pe Àbújá lóru, wọn a máa fi ọgbọ́n wádìí orúkọ ta ló wọ ìwé oyè. Òfin oyè orílẹ̀-èdè ti wà láti 1964, bẹ̀rẹ̀ láti orí GCFR títí dé MON. Ní oṣù Kẹwàá 2022 nìkan, àwọn tó gbà á lé ní 400. Mo ka orúkọ wọn títí ojú fi ń ro mí, n kò rí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tó ti bá mi gbé ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ró rí.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fa ẹnì kan kalẹ̀ lọ́dún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe èèyàn. Ike áísìkirimù ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ ṣí fìríìsà yín. (Ẹni tí kò bá níná, kó fọkàn ṣí tirẹ̀.) Ike kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán fánílà sí lára, ìdérí rẹ̀ ti sán létí. Ọmọ tó bá fi ayọ̀ ṣí i, gbẹ̀gìrì tó ti dì gbagidi ni yóò bá pàdé. Ibẹ̀ ni ọmọ ilẹ̀ yìí ti kọ́kọ́ ń kọ́ pé ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó bá dàgbà, tó wá ń gbọ́ ìlérí olóṣèlú, ara rẹ̀ á ti mọ́ ọn. Ta ló tún rántí ọjọ́ tí a jẹ áísìkirimù náà? Bóyá ọjọ́ ìbí àkọ́bí ni, bóyá àlejò ló gbé e wá. Láti ọjọ́ náà ni ike ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò gba owó oṣù, kò lọ fún ìsinmi, kò sì fi ìwé ìròyìn halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá ní ẹnì kan kò tó, mo ní igbákejì. Tòmátò alágolo kan wà tó máa ń bọ̀ láti Ítálì nígbà kan, De Rica lorúkọ rẹ̀. A jẹ tòmátò tán, a sọ agolo di òṣùwọ̀n. Títí dòní, ọmọ tí kò fojú kan tòmátò yẹn rí mọ iye tí wọ́n ń ta dẹ́ríkà ìrẹsì kan, ó sì mọ̀ pé kò tó kóńgò. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ ọnà tó wà lára agolo náà kí ẹ tó yìn mí. Oníṣòwò tó bá gbọ́n á fi nǹkan lu ìdí rẹ̀ láti ìta, díẹ̀díẹ̀, títí ìdí náà á fi wọnú. Bí o bá wò ó láti òkè, agolo pé. Ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan ti pòórá nísàlẹ̀. Á wá wọn ọ́n fún ọ, á ṣe é ní ṣóńṣó lórí, á tún fi ènì díẹ̀ lé e, ìwọ á sì máa dúpẹ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń ṣàlàyé ọ̀wọ́ngógó, kò sí èyí tó yé mi tó ìdí agolo yẹn. Owó ń lọ sókè, ìdí agolo náà ń lọ sókè.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ wá ni kí n dúró lé lórí díẹ̀. Ní 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátò run lókè Ọya, ìjọba Kàdúná kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, aráàlú sì sọ ọ́ ní Ẹ̀bólà tòmátò. Ní 2024, kòkòrò náà tún dé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ń ṣèpàdé. Ìyá àwọn ọmọ mi kò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé. Ó ti ọjà dé pẹ̀lú tàtàṣé díẹ̀, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti kúkúḿbà.

Mo ní, "Màmá, ṣé sàláàdì lo fẹ́ ṣe ni?"

Ó ní, "Dádì, ẹ lọ jókòó sí pálọ̀."

Ó lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó gbé e kaná láìfi epo sí i, ó sì sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ dànù, nítorí omi kúkúḿbà gan-an ni ọ̀tá ọbẹ̀ yìí. Ẹni tó bá kánjú da epo lé e, oúnjẹ aláìsàn ni yóò jẹ. Lẹ́yìn náà ló gbé epo kaná, ó da àlùbọ́sà sí i, ó fún tòmátò oní-sáṣẹ́ẹ̀tì kan sínú rẹ̀, ó sì dín in títí kíkan rẹ̀ fi lọ. Àwọ̀ pupa yẹn nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kárọ́ọ̀tì ló ń mú ọbẹ̀ ki, kúkúḿbà ló ń mú un pọ̀. Panla kan ṣoṣo tó wà nílé, ó tú u sí wẹ́wẹ́, kí ṣíbí kankan má bàa sọ pé òun kò gbóòórùn ẹja. Mo fi jẹ ìrẹsì, mo sì bi í pé níbo ló ti rí tòmátò rà. Ó kàn wò mí.

Irú ilé báyìí ni wọ́n ń kọ́ ní ìṣúnnáwó o. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ìmọ̀ràn kan náà là ń gbọ́: ẹ fara dà á, ẹ ṣọ́wó ná. Ta ni wọ́n ń bá wí? Ilé tí wọ́n ti ń fi sísọ́ọ̀sì la ikùn ọṣẹ ìfọyín, tí wọ́n ń lẹ àjókù ọṣẹ mọ́ ọṣẹ tuntun, tí síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá ti di àkísà ìnulẹ̀ nígbà tí bàbá ṣì ń wá a kiri láti wọ̀? Lọ́dún 2023 kan náà, bílíọ̀nù 5 náírà àti díẹ̀ fara hàn nínú àfikún ìṣúná fún ọkọ̀ ojú omi ààrẹ. Nígbà tí ariwo pọ̀, Ilé Aṣojú-ṣòfin gbé owó náà sórí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Mo yìn wọ́n. Àtúnlò ni, aṣọ ńlá ni wọ́n gé fi rán ti ọmọdé. Àmọ́ màmá ilé kì í kọ́kọ́ dúnàádúrà ọkọ̀ ojú omi kó tó rántí owó ilé ìwé.

Aládùúgbò wa kan ti fi gáàsì sílẹ̀ láti ìgbà tí kílò kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà. Ike kọ́ ló fi ṣe ààrò tirẹ̀, agolo pẹ́ẹ́ǹtì onírin ni. Ó lu ihò sí i nísàlẹ̀, ó ti igi gba ibẹ̀ wọlé, ó gbé ìgò nàró láàárín, ó wá ki ìyẹ̀fun pákó yí wọn ká, ó ń gún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó yọ ìgò, ó yọ igi. Ihò tó kù ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ̀wà jinná lórí rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń koná. Ọmọ rẹ̀ gbé e sórí TikTok, àwọn èèyàn láti òkè òkun sì ń yìn ín pé bàbá náà fẹ́ràn àyíká. Bàbá ń wúkọ́ nínú èéfín. Kò mọ̀ pé àyíká lòun ń tọ́jú, àpò rẹ̀ ló mọ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ti kọ oyè orílẹ̀-èdè yìí rí. Chinua Achebe kọ̀ ọ́ ní 2004, ó tún kọ̀ ọ́ ní 2011. Gani Fawehinmi kọ tirẹ̀ ní 2008. Kí ìjọba fọkàn balẹ̀: ike wa kò tíì kọ ohunkóhun tí a dà sínú rẹ̀ rí.

Mo ti sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé òun ni yóò bá wa gbà á ní Àbújá. Kò bèèrè aṣọ tí òun máa wọ̀, kò bèèrè owó ọkọ̀. Ó ní, ṣé àpótí tí wọ́n ń gbé mẹ́dàlì náà sí ní ìdérí, nítorí agolo bisikíìtì tí òun ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí ti ń dógùn-ún.