Àyẹ̀wò Ìjìnlẹ̀ Lórí Àyà Jíjá Adarí Eré ní Becontree

Ní ọdún 1978, Pauline Clance àti Suzanne Imes kọ̀wé lórí àwọn obìnrin tó mọṣẹ́ dunjú, síbẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan àṣírí á tú pé wọn ò mọ nǹkan kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà kò dé Becontree, ní ìlà-oòrùn London. Àlàfo yìí la fẹ́ dí.

Aláìsàn tiwa ni DM, ẹni tó ń darí eré Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974. DM á sọ ohun tó wà níwájú, àwọn ọ̀rẹ́ á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì olójú 20 á dá ẹjọ́. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ti mọ eré yìí tán: ọba rán àwọn ọdẹ lọ Òkè Láńgbòdó, Kàkò gbé kùmọ̀, Olóhùn-iyọ̀ gbé ohùn. Dáìsì nìkan ni Fágúnwà ò fi sí i.

Pálọ̀ ló ń mú kí àìsàn náà le. Láàárín 1921 sí 1935 ni ìjọba London kọ́ ilé tó lé ní 25,000 sí Becontree. Wọn ò ro ti dírágónì mọ́ ọn. Orúnkún DM àti ti àwọn àlejò rẹ̀ ń kan ara wọn.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn?" Ẹ̀gbọ́n ò kọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn. Ó da dáìsì lẹ́yìn páálí tó fi bo ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Dáìsì yẹn ò wà fún nǹkan kan.

"Bàbá arúgbó kan ni."

"Kí lorúkọ wọn?"

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí àpò ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. "Baba Basmati."

Gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láti ìgbà náà, wọn ò jẹ́ wọ ihò kankan láìkọ́kọ́ lọ kí Baba Basmati.

Ohun tí ìwádìí wa fi hàn ni pé ohun tí DM gbàgbé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kó wà. Àwọn apàlọ́ ti mọ èyí tipẹ́. Bí àlọ́ bá fẹ́ pòórá lọ́kàn wọn, orin ni wọ́n á dá. Kí àwọn ọmọ tó gbè é tán, Ìjàpá á ti rántí ibi tó ń lọ. DM tó bá há, kó béèrè pé, "Kí lẹ̀yin rò pé ó wà níbẹ̀?" Wọ́n á gbè é.

Nítorí náà, ẹ̀yin DM Barking àti Dagenham tó ti ń wá àwáwí, ẹ má fagi lé eré Sátidé. Ẹni tó kàn láti se jọ̀lọ́ọ̀fù ti ra ata.