Awò Bàbá Onílé

Ẹ sún mọ́bí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ariwo. Ṣé ẹ mọ awò ojú méjì tí Bàbá Onílé wa máa ń gbé sójú lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ní ẹyẹ lòun ń wò? Ẹyẹ kẹ̀! Ẹyẹ wo ló ń fò wọ balùwẹ̀ Ìyá Ìbejì? Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn.

Bàbá fẹ́ ta awò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó wá di dandan kó ya fọ́tò rẹ̀. Ogún bàbá rẹ̀ ni, Carl Zeiss tí wọ́n ṣe ní ìlú Jena ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ tó ti ń ta irú rẹ̀ láti 1894. 8x30 ló wà lára rẹ̀: ìlọ́po 8 ló fi ń fa nǹkan súnmọ́ni, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 30. Ọrùn ni bàbá rẹ̀ ń gbé e kọ́ lọ wo eré ẹṣin ní Race Course l'Ékòó, ibi tó di Tafawa Balewa Square lónìí. Wọ́n ní owó orí ìyàwó kejì ló fi ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, àní ìyàwó ọ̀hún... Ó dáa, ẹ jẹ́ n padà sórí fọ́tò.

Àǹkárá ìyàwó rẹ̀ ni Bàbá kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì. Ó gbé awò lé e, ó tan fíláàṣì, ó yà á. Gbogbo ẹni tó fèsì, iye àǹkárá ni wọ́n ń bèèrè. Èkejì ló wá burú: dígí ń dán, ó sì gbé Bàbá jáde rekete nínú síńgílẹ́ẹ̀tì oníhò. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ṣé bàbá yìí wà lára ọjà?" Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọmọ Pólì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ló bá a dá sí i. Ojú kámẹ́rà fóònù ló kọ́kọ́ nù, torí òróró àkàrà ló kún ibẹ̀. Ó gbé awò lọ síbi òjìji fàráńdà láàárọ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun tí kò ní òdòdó, ó pa fíláàṣì. Ó lu ihò sí páálí dúdú, ó ti kámẹ́rà bọ ibẹ̀. Páálí nìkan ni dígí rí, kò rí èèyàn. Kó lè gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà ara irin jáde, ẹ̀gbẹ́ ló jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Lẹ́yìn náà ló kọjú awò sí ojú ọ̀run (kì í ṣe oòrùn o, ìyẹn a máa fọ́ni lójú!), ó sún sẹ́yìn, ó sì ya ìmọ́lẹ̀ róbótó méjì tó yọ lẹ́nu ibi tí wọ́n ń yọjú sí. Bí ọ̀kan bá gé lẹ́gbẹ̀ẹ́, á jẹ́ pé nǹkan ti yẹ̀ nínú rẹ̀. Ti Bàbá pé.

Àfi ìgbà tó tan tọ́ọ̀ṣì láti iwájú, tó wá ti ẹ̀yìn wò ó. Dígí ti bu! Okùn wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ta ká inú rẹ̀ bí ilé aláǹtakùn. Inú àpò awọ ló ṣáà ń gbé látọjọ́ yìí wá, awọ sì ń fa ọ̀rinrin.

"Bo ìyẹn mọ́lẹ̀," ni Bàbá wí.

"Bàbá, bí wọ́n bá rí i nílé wọn, ẹ máa dá owó padà ni, ẹ ó tún san owó ọkọ̀."

Bàbá bínú, ó pè é ní ọmọ aláìgbọràn. Lójú tèmi, ọmọ yẹn ló gbọ́n jù ní kọ́ḿpáǹdì yìí. Ẹni tó mọ awò, fọ́tò tọ́ọ̀ṣì ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Bí kò bá sí níbẹ̀, á ti mọ̀ pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́.

Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ síta, pẹ̀lú dígí tó bu. Ọkùnrin kan tó ń tún awò ṣe ló rà á, ó ní òun á tú u fọ̀. Náírà kan kò dín nínú owó tí Bàbá dá lé e.

Owó náà sì ti wọlé. Kí Bàbá tó ń kan ilẹ̀kùn wa lórí owó ilé lọ san gbèsè Ìyá Ẹlẹ́kọ.