Ẹ Bá Mi Bẹ Kọ̀ǹpútà Yìí

Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà mi láàárọ̀, mo máa ń lọ wẹ̀, mo máa ń mu ẹ̀kọ, mo sì máa ń bá ìyàwó mi ṣe asọ̀ díẹ̀ kí ó tó lajú. Bó bá tilẹ̀ lajú, roboto kékeré kan ni yóò kàn máa yí lójú rẹ̀ bí òkòtó ọmọdé. N ó wò ó títí, òòyì á máa kọ́ èmi náà.

Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà ni mo ti rà á lọ́dún 2014, tòkunbọ̀ gidi. Windows 7 ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà, a sì jọ ń gbé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfi bí àbúrò mi kan ṣe dé ní 2016, tó ní ojú ń ti òun fún mi, tó sì gbé Windows 10 lé e. RAM rẹ̀ ò ju gígábáìtì 2 lọ. Àwọn Microsoft fúnra wọn ní 2 ló kéré jù fún oríṣi tó gbé lé e. Wọ́n ní á gbà á ni o, wọn ò ní á lè rìn. Ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì lé ọmọ ọdún mẹ́fà lórí náà lè ní orí rẹ̀ gbà á.

Bí gbogbo ẹbí ṣe di oníṣègùn nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó fi ọdẹ kan sí i tí yóò máa ṣọ́ ọ. Àna mi fi ọdẹ mìíràn sí i láìbéèrè. Windows 10 ti ní tirẹ̀ láti ilé, tirẹ̀ yẹn sì lọ jókòó nígbà tí àlejò dé. Ọdẹ méjì wá ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ara wọn lójú, oníbàárà ò ráyè wọlé. Ẹnì kan tún gbé agbálẹ̀ wá. Agbálẹ̀ yìí kì í gbálẹ̀. Ariwo ló ń pa, pé òun rí ìdọ̀tí 3,000, kí n san dọ́là kí òun tó kó o.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá ṣe èyí tó dùn mí jù. Ó ní fọ́ọ̀màtì ni oògùn rẹ̀. Mo ní, “Kí ni fọ́ọ̀màtì?” Ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, á dà bíi tuntun ni.” Ó dà bíi tuntun lóòótọ́: òfìfo. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ bá a lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, wọ́n ti kó ọdẹ àti agbálẹ̀ padà sínú rẹ̀, òkòtó sì ti padà dé.

Ìyàwó mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. “Dádì, wọ́n á fún yín lówó ata.”

Ọmọbìnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́bàá títì wa ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fún un lóògùn. Ó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Dísìkì ti kún fún iṣẹ́ dé 100 nínú 100, bẹ́ẹ̀ a ò tíì ṣí nǹkan kan. “Bàbá, ẹ wo àwọn tó ń bá a jí láàárọ̀.” Mo kà wọ́n: mẹ́rìnlá. Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo ti tà lésìí ṣì ń jí! Ó dá méjìlá dúró. Ó tú u, ó fọn eruku inú fáànù rẹ̀, òkú aáyán méjì bá a jáde. Ó ní nínú háàdì dísìkì, awo kan ló ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, tí apá tín-ín-rín kan ń sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá ohun tí a kó pamọ́. Ibẹ̀ ló ti rẹ̀ ẹ́. Ó fi SSD rọ́pò rẹ̀, èyí tí nǹkan kan ò yí nínú rẹ̀, ó sì sọ RAM di 8. Owó méjèèjì ò tó owó àpò ìrẹsì kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ bọ́tìnnì, mo gbé tówẹ́ẹ̀lì kọ́ èjìká bí ìṣe mi. Ó ti ṣí.

Ẹ má tíì bá mi yọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n bọ́ sí 11. Wọ́n ní àfi kó ní TPM 2.0, kí Intel rẹ̀ sì ti ìran kẹjọ wá. Ìran kẹta ni tèmi. Ìgbà tí ara rẹ̀ yá tán ni wọ́n wá ń túfọ̀ rẹ̀! Ọmọbìnrin náà ní òun á fi Linux Mint sí i lọ́fẹ̀ẹ́, pé ìyẹn kì í béèrè ìran ẹni. Sátidé la fi í sí, bí àwọn oníná bá gbà, torí bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Ẹ̀yin ará tí mo fi fọ́tò ìsọmọlórúkọ yẹn ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú fóònù yín.