Alága Gbé-e-sókè

Kò sí àdúgbò kan ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí ẹ ò ti ní bá ọkùnrin yìí pàdé. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Bóyá iṣẹ́ ìjọba ló ti fẹ̀yìn tì, bóyá gààrí àti láfún tó ń kó lọ sí Èkó ló sọ ọ́ di ènìyàn, a ò lè sọ. Ohun tó dájú ni pé ó ti kọ́lé. Ilé náà ní òpó mẹ́rin níwájú tí kò gbé ohunkóhun dúró, ó sì ní pálọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Alága Gbé-e-sókè, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri.

Tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún kì í ṣe kékeré. 65 íńṣì ni. Alága ò mọ̀ pé láti igun kan dé igun kejì ni wọ́n ti ń wọn íńṣì náà; ohun tó mọ̀ ni pé 55 ni ti àna rẹ̀ tó wà ní Lánlátẹ̀. Ìbàdàn ló ti rà á. Ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, ó fi ìrọ̀rí tì í, Ìyá Ìbejì aya rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ èrò bọ̀ wálé.

Ọmọkùnrin tó máa ń ṣe díṣì nítòsí Ọjà Tówóbowó ló wá gbé e kọ́. Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Kó tó mú dírílì jáde, tépù ló kọ́kọ́ mú jáde.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sórí àga ná, kí n wọn ibi tí ojú yín mọ.”

“Kí o wọn ojú mi? Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ sára ògiri ni?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé. Ó ní bí àgbàlagbà bá jókòó sórí àga kúṣìn, ojú rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ lọ sí ilẹ̀, pé agbedeméjì tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kó ko ojú náà, tàbí kó fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri.

“Ibi tí ọmọ tó ń rá máa fọwọ́ kàn yẹn? Gbé e sókè.”

Ó gbé e sókè.

“Ṣé o ò gbọ́ ni? Gbé e sókè sí i.”

“Dádì, ó ti fẹ́ kan síílìn o.”

“Ṣé ó ti kàn án?”

“Kò tíì kàn án, sà.”

“Àyè ṣì wà nìyẹn. Gbé e sókè.”

Ọmọ náà rántí owó iṣẹ́ rẹ̀, ó panu mọ́, ó lu ihò.

Ẹ má tètè bá Alága wí. Nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀, fọ́tò àwọn àgbà ló wà lábẹ́ àjà, tí wọ́n fi okùn so, tí wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí olóògbé lè máa wo àwọn tó jókòó nílẹ̀. Ohun tó bá níyì, òkè ni wọ́n ń gbé e sí. Nígbà tó sì dàgbà, ibi tó ti ń rí tẹlifíṣọ̀n ńlá ni báǹkì, ilé ìwòsàn àti ilé oúnjẹ, òkè náà ló sì máa ń wà níbẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló fà á. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń wò ó ní báǹkì, ojú ẹni tó bá sì dúró lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Orí àwọn tó tò síwájú rẹ̀ náà sì wà lọ́nà. Ta ló ń tò nínú pálọ̀ Alága?

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni síílìn rẹ̀ fi ga. Ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo sílẹ̀ lókè. Tẹlifíṣọ̀n 65 ga tó íńṣì 32, nítorí náà agbedeméjì rẹ̀ wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje àti íńṣì mẹ́jọ. Ẹni tó bá jókòó sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án sí i yóò gbójú sókè tó dìgírì 25, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ kó ju 15 lọ. Nígbà tí Ìyá Àgbà ti Ìdèrè wá kí wọn, tí ó bá gbogbo ilé tí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, ó bi Alága pé: “Àjàní, ṣé ẹ ti rí oṣù ni? Ṣé ọ̀la la máa gbààwẹ̀?”

Ti àga wá kù. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sinimá ní Amẹ́ríkà, SMPTE, fẹ́ kí àwòrán gba nǹkan bí dìgírì 30 ní ojú ẹni tó ń wò ó. Fún 65 íńṣì, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án nìyẹn. Àwọn ará ilé iṣẹ́ THX tún fẹ́ kó súnmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: dìgírì 40 ni tiwọn, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀. Àga Alága ò mọ SMPTE, kò mọ THX. Gbogbo rẹ̀ ló fẹ̀yìn ti ògiri yípo. Ó nídìí. Ibi ìpàdé ẹbí ni pálọ̀ wa, ibi tí wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya, tí wọ́n ti ń tọrọ ìyàwó. Kálukú gbọ́dọ̀ máa rí ojú ẹnì kejì kó tó mọ ẹni tó ń purọ́. Ṣùgbọ́n àga tó dáa fún ìjà ilé kọ́ ló dáa fún fíìmù. Ẹ̀gbẹ́ ni àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ti ń wò, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n tí kò wọ́n kì í fi àwọ̀ wọn tòótọ́ han ẹni tó bá ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́.

Èyí tó wá burú jù ni àga Alága fúnra rẹ̀. Baálé ilé gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Tẹlifíṣọ̀n náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí àlejò lè rí i kó tó bọ́ bàtà. Ògiri kan náà ló gba àwọn méjèèjì: tẹlifíṣọ̀n lókè, Alága nísàlẹ̀. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ni kò lè rí ohun tó fowó rẹ̀ rà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, tí Nàìjíríà ń bá Côte d'Ivoire gbá àṣekágbá ife Áfíríkà ní Àbíján, pálọ̀ náà kún. Ìyá Ìbejì ní, “Dádì, ẹ kúkú súnmọ́ ìhín.” Alága ní baálé kì í ṣí nídìí. Gíláàsì ṣókéèsì tó wà níwájú rẹ̀ ló ti ń wo bọ́ọ̀lù, ní òdìkejì, láàárín àwo tí wọn kì í fi jẹun. Nígbà tí Troost-Ekong ti Nàìjíríà fi orí kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú 38, ariwo ni Alága fi mọ̀. Kessié ti Côte d'Ivoire dá a padà ní ìṣẹ́jú 62. Ní ìṣẹ́jú 81, Haller gbá tiwọn wọlé. Inú gíláàsì, ibi tí ọ̀tún ti di òsì, Alága rí bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n, ó fò sókè, ó ké “Góòlù!” Òun nìkan ló ké. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Láyé àtijọ́, ìwà yìí ò ṣeé hù. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ìṣó wo ló fẹ́ gbé àpótí náà dúró? Igi àti gíláàsì ni, ó wúwo, púpọ̀ nínú wọn sì ní ẹsẹ̀ tiwọn. Ó dúró nílẹ̀, ó ko ojú ẹni tó jókòó. Ìgbà tó di pẹlẹbẹ tán ni àyè wá gba ìwà Alága.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn tó mọ ibi tó yẹ kó wà, ẹ lọ wo àwọn tó ń ṣe ilé ìwòran bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ Pólì ní Èrúwà. Bẹ́ǹṣì kúkúrú níwájú, gíga lẹ́yìn, àwọn tó dúró ní ìparí. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sókè níwọ̀n tí orí ò fi ní dí ẹnikẹ́ni. Wọn ò kàwé lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá ríran ni yóò gba owó rẹ̀ padà. Àlejò Alága kì í sanwó, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ ra ọrùn tí wọ́n sì ń sọ pé, “Ó ga o, Alága!” Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìbàràpá, ẹ jọ̀ọ́, kí oníná tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ síílìn, ẹ gbé àga tí ẹ máa lò wá, ẹ jókòó, kí ẹnì kan wọn ojú yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Bí ọmọdé bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ gbé tábìlì sábẹ́ rẹ̀. Bó bá sì di dandan kó ga, ẹ ra hángà tó ń tẹ̀ síwájú, kí ẹ sì ya àga ìwòran sọ́tọ̀ kúrò lára àga ìpàdé. Tẹlifíṣọ̀n tí baálé ò lè rí, ti àlejò ni.