Oríkì Kábíyèsí Dátà Alábùkù, Ọkọ Orí Kẹrin

Nínú gbogbo ọba tí ń jẹ lórí iṣẹ́ pápá, kò sí èyí tí ìjọba rẹ̀ pẹ́ tó ti Kábíyèsí Dátà Alábùkù. Dátà ni àkójọ òǹkà, ìwọ̀n àti ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì ń kó bọ̀ láti pápá, pápá sì ni odò, ọjà tàbí àdúgbò tí ó yàn láti kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé lórí. Alábùkù ni èyí tí ohun èlò rẹ̀ kò dára, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò pé, tàbí tí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kò kúrò lórí ibùsùn rẹ̀. Kí ẹni tó dé fìlà ṣí i, kí ẹni tó wé gèlè tẹ̀ba, nítorí Asùn-sílé-ròyìn-oko ni ó ń bọ̀, A-gún-régé-nínú-ìwé-má-gún-létí-odò, ọkọ Orí Kẹrin, ìyẹn orí tí wọ́n ń to èsì ìwádìí sí, tí ó jẹ́ pé bí Kábíyèsí kò bá wọlé, òfìfo ni yóò wà.

Ìdílé ńlá ni wọ́n ti wá. Ní ìhà baba, ọmọ Òkè Kong ni wọ́n, òkè tí James Rennell yà sórí àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1798, nínú àwòrán tí ó bá ìròyìn ìrìn àjò Mungo Park rìn, tí àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ mìíràn sì ń dà á kọ láti ìran dé ìran, títí Louis-Gustave Binger fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ìlú Kong ní 1888, tí ó wò yíká, tí kò sì rí òkè tí wọ́n ń wí. Òkè tí kò sí kì í rẹni lẹ́sẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún gbogbo wọn láti gùn. Ní ìhà ìyá, ọmọ ìkànìyàn Nàìjíríà ni wọ́n, ètò tí ìjọba fi ń mọ iye àwọn ará ìlú: wọ́n wọ́gi lé èsì ti 1962, wọ́n sì tún un kà ní 1963, èsì ti 1973 náà kò pẹ́ láyé, nítorí ìjọba Murtala Mohammed fagi lé e ní 1975. Nínú àwọn èsì tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà pàápàá, ojú ẹbí ṣì hàn, nítorí iye àwọn tí ọjọ́ orí wọn parí sí 0 tàbí 5 máa ń pọ̀ ju ti àwọn tí wọ́n fi ọdún kan jù wọ́n tàbí kéré sí wọn lọ, bí ẹni pé ìyá kì í bímọ ní ọdún tó kù. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ó ń mú èyí tí ó rọ ẹnu rẹ̀ lọ́rùn.

Àmọ́ etí odò ni ògo Kábíyèsí ti máa ń yọ jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ mọ ìdí tí omi fi ń ya wọ ilé ní Ìbàdàn, Odò Ògùnpa ni ó sábà máa ń yàn, odò tí omíyalé rẹ̀ ní 1980 gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, tí wọ́n sì fi kọnkéré to ojú ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti mọ eré tí omi ń sá, wọ́n á wọn 10 mítà sí etí odò, wọ́n á ju ọsàn sínú omi lókè, wọ́n á sì fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Ká ní ọsàn àkọ́kọ́ lo 14, èkejì lo 15, ẹ̀kẹta wá há sí àárín ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ó dí ojú omi, tí ó fi lo 47. Níbẹ̀ ni Kábíyèsí máa ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọlá ńlá: wọ́n á pa 47 rẹ́, wọ́n á fi 14 dípò, odò á sì máa ṣàn geere. Wọ́n á tún gbàgbé pé omi ojú odò máa ń yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ó fi yẹ kí wọ́n fi nǹkan bí 0.85 sọ èsì di púpọ̀ kí ó tó jẹ́ ti odò lódindi, Ògùnpa á sì gba eré kún eré lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé 47 tí wọ́n sin yẹn ni ìdáhùn ìbéèrè tí ó gbé wọn dé etí odò: ọ̀rá ló dí omi. Odò ti sọ̀rọ̀, Kábíyèsí ló ní kí ó panu mọ́.

Bí Kábíyèsí bá wọ ọjà, ìwé ìbéèrè ni ọ̀pá àṣẹ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á kí oníṣòwò ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, pé, "Ìyá, ẹ kú ọjà o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dáhùn ìbéèrè díẹ̀," èsì á sì wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ìjọba ló rán yín ni? Èmi ò rí tà láti àárọ̀ o." Owó tí oníṣòwò ń rí lóṣù á wá di ohun tí ẹni tí ń sá fún owó orí bá sọ. Ìyẹn ṣì dára, nítorí ẹnìkan ni ó sọ ọ́. Àwọn ìwé tó kù á padà sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi bírò dúdú, búlúù àti pupa kún wọn lóru, tí wọ́n ń yí ọwọ́ ìkọ̀wé padà, tí ọjọ́ orí gbogbo ọlọ́jà sì ń parí sí 0 àti 5. Ẹ̀jẹ̀ ìyá Kábíyèsí ló ń sọ̀rọ̀.

Ti òṣùwọ̀n òjò tí wọ́n gbé sí abẹ́ igi máńgòrò, tí ewé ń bá a gba òjò, kò gba àlàyé púpọ̀. Bákan náà ni ti ibi tí fóònù tọ́ka sí lórí ìlànà WGS84, èyí tí ètò GPS ń lò, tí wọ́n wá gbé lé àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n yà lórí ìlànà Minna láìyí i padà, tí kànga fi ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ ju 50 mítà lọ, tí ó sì lọ bọ́ sínú pálọ̀ onílé.

Ojúbọ Kábíyèsí wà nínú Orí Kìíní, lábẹ́ àkòrí tí wọ́n ń pè ní ìdíwọ́ iṣẹ́ ìwádìí, níbi tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́wọ́ ohun tí dátà rẹ̀ kò lè sọ. Ẹni tí ó bá kọ 47 síbẹ̀, tí ó ṣàlàyé ohun tí ó há ọsàn mọ́, tí ó padà lọ wọn omi náà níbi tí ọ̀rá kò sí, tí ó sì dín ohun tí ó ń sọ kù sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ mọ, ti sọ ọba di baálẹ̀ abúlé. Ṣùgbọ́n ẹbọ tí wọ́n sábà máa ń rú níbẹ̀ kò yí padà: àìtó owó àti àìtó àkókò. Olùdánwò láti ìta tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í bá Kábíyèsí jà nínú Orí Kẹrin, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn pọ̀ sí. Ìwé pápá ni ó máa ń béèrè, èyí tí ẹrẹ̀ ti kàn, tí òǹkà tí wọ́n fagi lé ṣì hàn nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé yẹn fi máa ń sọnù bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á sì ní òjò ló bà á jẹ́, òjò tí òṣùwọ̀n abẹ́ máńgòrò kò rí.