Bí Mo Ṣe Pa Iná Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kútọnu. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí òun ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa. Bó bá ṣe pé télọ̀ ló hu irú ìwà tí mo hù, ayé á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó lọ́dọọdún pé wáàtì yàtọ̀ sí wáàtì-wákàtí, tí mo sì máa ń fi òdo fún ọmọ tó bá pa méjèèjì pọ̀.

Gúrúùpù, ìyẹn jẹnẹrétọ̀, ló fà á. Bí ẹbí wa bá ti pe ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí agboolé lóṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò a gbé gúrúùpù rẹ̀ wá sídìí igi máńgòrò, ẹ̀rọ náà á sì máa bú ramúramù mọ́ wa lórí títí eré á fi parí. Àwọn onílù a máa wúkọ́ nínú èéfín. Bẹ́ẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti òru, Ẹ̀fẹ̀, etí la fi ń gbádùn rẹ̀ ju ojú lọ. Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á júbà àwọn ìyá wa, á súre fún ìlú, lẹ́yìn náà ni á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí: ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́, ẹni tó sá fún gbèsè, ẹni tó ń yọ́ wọ ilé onílé. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001, ogún àtẹnudẹ́nu ni wọ́n pè é, orúkọ yẹn náà ló sì bá wọ ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008. Ní agboolé tiwa, ẹnu àti ẹ̀rọ ló jọ ń bára wọn jà, ẹ̀rọ ló sì ń borí. Lọ́dún kan, àwọn tó jókòó níwájú bú sẹ́rìn-ín, àwa tó wà lẹ́yìn ń bi ara wa léèrè ta ni wọ́n kọrin bú. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Owó tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, epo kpayo tó ń gba ẹnubodè wọlé sọ́dọ̀ wa ti gbówó lórí, owó tí a ń dá fún epo alẹ́ kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹran.

Mo bá dìde nípàdé ẹbí, mo ní kí a fi àpótí bátìrì rọ́pò gúrúùpù. Mo ní ìjọba tiwa fúnra rẹ̀ ti ń fi oòrùn ṣe iná ní Ìlúlófin nítòsí Pobè láti ọdún 2022, mẹ́gáwáàtì 25. Mo ní lọ́jọ́ 25 oṣù kẹjọ 2024, ẹgbẹ́ akọrin Massive Attack ṣeré ní pápá gbangba ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, bátìrì ló sì gbé eré náà. Olórí ẹbí gbọ́ mi tán, ó ní, "Ṣé Ẹ̀fẹ̀ tiwọn jáde?" Mo ní rárá. Ó mi orí.

Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni ọjọ́ orí. Mo sọ fún wọn pé bàbá ẹni ọdún 97, John Goodenough ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019 nítorí bátìrì lithium, àti pé irú èyí tó wà nínú àpótí tí mo fẹ́ rà, onírin àti fọ́sífétì, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Texas ló gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1997. Ẹ̀bùn ò jọ wọ́n lójú, ọdún 97 ló wọ̀ wọ́n létí. Olórí ẹbí ní ẹni tó bá ti dàgbà tó yẹn, irọ́ ti sú u. Wọ́n gbà.

Ọmọkùnrin onígúrúùpù wà níbẹ̀. Mo kọjú sí i níṣojú gbogbo ènìyàn, mo ní kó lọ máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ lọ ata. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ló wí, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ó yẹ kí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ti bà mí lẹ́rù.

Mo ra àpótí náà ní Kútọnu. Wọ́n kọ 1000 gàdàgbà sí ojú rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ pé agbára tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo ṣe ìṣirò: iná LED mẹ́rin, wáàtì 200, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, 150, àpapọ̀ 350. Pín 1000 sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, Ẹ̀fẹ̀ tiwa kì í sì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ìwé ìṣirò náà han ìyàwó mi. Ó ní ìwé náà mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo fẹ́ fi oòrùn rọ ọ́ kún. Ẹni tó bá ti dé Ṣábẹ̀ẹ́ mọ àwọn àpáta ràbàtà tó yọrí láàrin ìlú. Mo tẹ́ páànẹ́lì sórí ọ̀kan tó rọra tẹ́jú lẹ́yìnkùlé wa, mo gbé àpótí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo padà sábẹ́ ibòji lọ jẹ wàrà díndín. Lóṣù kẹta, lọ́sàn-án gangan, ẹsẹ̀ lásán ò ṣeé gbé lé àpáta yẹn. Páànẹ́lì ló fẹ́ràn oòrùn, bátìrì ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bí irú rẹ̀ bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣe ló ń kọ iná, kó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lójú àpótí. Mo rí i láti ọ̀ọ́kán. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Iná ìlú ti lọ láti àárọ̀. Ọmọdé kan wá, ó ní ìyá òun ní kí n bá àwọn ṣájì fóònù. Inú mi dùn. Òmíràn dé, òmíràn tún dé, àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí wọ́n ń pè mí ní ẹni tó mọ̀wé lò. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn kó tún lé ènìyàn? Mo lọ wá okùn onírù púpọ̀ kún un. Nígbà tó yá, ìyá oníkọfí ki ìgbómikaná oníná mànàmáná rẹ̀ bọ̀ ọ́, wáàtì 2000, láìbi ẹnikẹ́ni. Àpótí ń ké bí òròmọdìẹ tó ṣìnà, ó sì kú pi. Mo yọ ìgbómikaná, mo tẹ bọ́tìnì, ó jí. Mo sọ fún àwọn tó ń wò pé bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà tó jẹ́ òótọ́ nìyẹn.

Ilẹ̀ ṣú, iná tàn, ariwo ò sí. Ẹ ò lè mọ bí agboolé wa ṣe dákẹ́ tó. Àwọn àgbà ń wo ìdí igi máńgòrò, wọ́n ń wò mí. Ìyàwó mi rọra bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Ọdún mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúrúùpù ti kọ́ ọ̀fun mi ní ìwàkiwà, mo bá fi gbogbo agbára dá a lóhùn pé ẹran inú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ò tó ohun tí ènìyàn ń fi sáàárín eyín. Gbogbo agboolé gbọ́. Ìyá rẹ̀ wà ní ìjókòó kejì sí wa.

Kí ojú tó tì mí tán, Ẹ̀fẹ̀ jáde. Ó júbà, ó súre, a ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó fẹ́ẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an báyìí ni iná kú. Mo tẹ bọ́tìnì, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí àpótí, ibẹ̀ ni mo ti rí nọ́ńbà kékeré kan: 512. Wáàtì tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan ni 1000 tó wà lójú. Wáàtì-wákàtí tó wà nínú rẹ̀ ni 512. Ẹ yọ ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kúrò, ẹ yọ tàwọn fóònù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mu bíi 15, ẹ rántí pé kò kún láti ọ̀sán. Ọmọ kíláàsì mi á ti ṣe é nínú ìdánwò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa yọ láti ẹ̀yìn ògiri. Gúrúùpù rẹ̀ wà lórí ọ̀kadà, ó ti dè é mọ́lẹ̀, ó ti rọ epo sí i. Ṣé láti ìrọ̀lẹ́ ló ti wà níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó bi í. Olórí ẹbí ló gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó dúró ná. Àwọn ènìyàn ti tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn, fóònù tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣájì, ojú agbo mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ̀fẹ̀ sì ti ń kọrin lọ láìsí gbohùngbohùn, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ń gbè é. Ó kọrin nípa olùkọ́ kan tó ń ka mànàmáná ojú ọ̀run fọ́mọ ọlọ́mọ, tí kò sì lè ka ti inú àpótí ara rẹ̀. Ó kọ ẹsẹ kan nípa ọbẹ̀ àna, wọ́n ní kó tún un kọ, ó tún un kọ. Ọ̀rọ̀ kan ò sọnù nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà dúró ti ọ̀kadà, ó ń jó.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun náà ra bátìrì, èyí tó tóbi ju tèmi lọ dáadáa. Ọ̀sán ló fi ń rọ ọ́ kún lábẹ́ òrùlé, tí iná ìlú bá wà. Tí kò bá sí, gúrúùpù ló fi ń rọ ọ́, níbi tó jìnnà sí ènìyàn. Sẹ́fà 100 ni fóònù kan. Ìgbómikaná, èèwọ̀. Mo lọ yá a fún ìsọmọlórúkọ kan lẹ́bìí wa. Ó bi mí ní iye iná, ó bi mí ní iye wákàtí, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí fóònù níṣojú mi, ó gba owó lọ́wọ́ mi kó tó gbé e, ó sì fi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tì í. Orí àpótí ni ọmọ náà jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti wo iye tó kù, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní kí èmi má fọwọ́ kan nǹkan kan.