Ẹ Rọra Bú Ọmọ Onígìtá

Àgbà onílù tó ń rán ọmọ onígìtá lọ ra ọtí láàárín ìdánrawò ń fi ọjọ́ ọ̀la ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Ebenezer Obey ti wà lábẹ́ Fatai Rolling Dollar rí, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé náà ṣiṣẹ́ lábẹ́ Moses Olaiya (ọ̀gá ló wá padà di aláwàdà, Bàbá Sàlá, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́). Wọ́n á ní èébú lẹ̀kọ́. Èébú wo ló ń kọ́ èèyàn ní gìtá títa? Wọ́n á tún ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹ̀yìn ló ń di ọba orin. Òótọ́ ni, sípíkà ni ọ̀pọ̀ wọn á máa rù. Àmọ́ ta ló lè wojú mọ ẹni tó máa dọ̀gá? Kí onílù ṣáà yáa máa lọ ra ọtí rẹ̀ fúnra rẹ̀.